Lẹ́ǹsì Wáìdì fún Fọ́tò Èèyàn: Bí Ojú Oníbàárà Ò Ṣe Ní Wọ́

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní lẹ́ǹsì wáìdì (lẹ́ǹsì tó ń kó ibi tó gbòòrò wọlé, bíi 35mm sísàlẹ̀) nínú báàgì, ṣùgbọ́n gbọ̀ngán àpèjẹ àti ilé nìkan ni wọ́n ń fi í yà. Tó bá ti di ojú èèyàn, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi 50mm tàbí 85mm sí i (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi sí ni ibi tí lẹ́ǹsì ń kó ṣe ń dín kù), torí wọ́n ti gbọ́ pé wáìdì máa ń sọ imú di ńlá. Lẹ́ǹsì kọ́ ló ń sọ imú di ńlá, ibi tí ẹ dúró sí ni. Ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, tó sì mọ ibi tó yẹ kí ojú oníbàárà bọ́ sí nínú férémù, lè fi 24mm ya ìyá àgbà kí gbogbo ẹbí fẹ́ràn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ojú ìyá, ẹni tó bá wo fọ́tò náà á tún mọ irú ilé tí ìyá ń gbé, iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe, àti àga tí ìyá ń jókòó lé. 85mm ò lè ṣe ìyẹn nínú yàrá kékeré láéláé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi), 35mm ni wáìdì tó rọrùn jù fún èèyàn. 28mm náà dára. 24mm ń fẹ́ ìṣọ́ra. Láti 20mm lọ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí èèyàn kéré nínú férémù, kí ibi tó dúró sí gba ìyókù.

Àmọ́ kámẹ́rà crop (èyí tí tirẹ̀ kéré, tó ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò) ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, kì í ṣe full frame. Tó bá jẹ́ Nikon tàbí Sony, ẹ fi 1.5 sọ nọ́ńbà orí lẹ́ǹsì di púpọ̀. Tó bá jẹ́ Canon, ẹ fi 1.6. Ẹ ó wá rí i pé 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí, tí àwọn èèyàn ti jù sí kọ̀rọ̀, wáìdì gidi ni: lórí 18mm, ó ń rí bíi 27mm lórí Nikon, ó sì ń rí bíi 29mm lórí Canon. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan fún iṣẹ́ yìí lórí Canon crop, EF-S 24mm f/2.8 STM kéré, ó fúyẹ́, bíi 38mm ló sì ń rí. Ẹ má tìtorí fọ́tò èèyàn ra 10-18mm o. Ilé àti gbọ̀ngán nìyẹn wúlò fún.

Ìwọ̀n tí a ó máa sọ láti ibí lọ, ti 24mm lórí full frame ni. Ẹni tó ń lo 18mm lórí crop á kàn fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sún sẹ́yìn sí i.

Ohun méjì tó ń ba ojú jẹ́

Àkọ́kọ́ ni ìsúnmọ́. Láti ṣóńṣó imú dé etí tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Tí lẹ́ǹsì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí imú, 52 ló wà sí etí. Tí a bá fi imú wé etí nínú fọ́tò yẹn, imú á ti fi ìdá 30 nínú 100 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ sún sẹ́yìn dé mítà kan àbọ̀, ìyàtọ̀ náà á já sí ìdá 8, ojú kò sì ní tètè rí i mọ́. Bákan náà ló rí, ì báà jẹ́ 24mm lẹ lò, ì báà jẹ́ 85mm. Ẹ lè dán an wò: ẹ dúró sójú kan, ẹ fi lẹ́ǹsì méjèèjì ya ẹnì kan, kí ẹ wá gé ti 24mm títí ojú á fi tóbi dọ́gba nínú méjèèjì. Irú ojú kan náà lẹ ó rí. Ohun tí wáìdì fi ń tàn wá ni pé ojú oníbàárà máa ń kéré nínú férémù, a ò sì ní mọ̀gbà tí ẹsẹ̀ á gbé wa dé iwájú imú rẹ̀.

Ìkejì ni etí férémù. Ohun tó bá rí roboto, bó bá ṣe ń jìnnà sí àárín ni lẹ́ǹsì wáìdì ń fà á síta. Lórí 24mm, orí tó bá wà ní etí ọ̀tún tàbí etí òsì pátápátá á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti igun tún burú ju ìyẹn. Lórí 35mm, ti etí ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ògiri tó kọjú sí yín kì í yí padà, nítorí pé ó tẹ́jú. Orí èèyàn ló ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán kì í fi í tètè fura: yóò wo ilé tó wà lẹ́yìn, yóò rí i pé ó tọ́, yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ló tọ́.

Ilà ojú ni àṣìṣe yìí ti ń kọ́kọ́ hàn. Tí ẹ bá súnmọ́ ìyá tó kọ àbàjà jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yí kúrò níwájú lẹ́ǹsì, ìdí ilà tó wà lápá etí á kúrú tàbí kó sọnù. Tí ẹ bá sì jẹ́ kí orí rẹ̀ wà létí férémù, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á gùn ju ti èkejì lọ. Ilé ìyá á rí i lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọn ò bá mọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á ṣáà ní fọ́tò yìí ò jọ màmá. Mítà kan àbọ̀, àárín férémù: ilà á jókòó bó ṣe wà.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

1. Ẹ wo ibi náà kí ẹ tó pe èèyàn sínú rẹ̀. Wáìdì ń kó gbogbo nǹkan wọlé: wáyà iná, ike omi, bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ọ̀kadà tó dúró létí títì. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé ohun tí kò bá yẹ kúrò. Ìṣẹ́jú méjì lèyí ń gbà, ó sì ń gba wákàtí kan là nídìí kọ̀ǹpútà.

2. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ìjìnnà. Ìgbésẹ̀ ńlá méjì tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Fún ìdajì ara, ẹ má súnmọ́ ju ìyẹn lọ. Fún gbogbo ara, mítà 2. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí òkúta sàmì síbi tí ẹ dúró, torí ẹsẹ̀ yín á tún fẹ́ gbé yín lọ síwájú. Tí ojú bá kéré jù fún yín láti ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ lẹ́ǹsì, tàbí kí ẹ gé fọ́tò náà tó bá yá.

3. Ẹ mú kámẹ́rà tọ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ní ìlà tó ń fi hàn bóyá ó tẹ̀; ẹ ṣí i. Fún gbogbo ara, ẹ dá kámẹ́rà dúró lóòró, kí ó wà ní ìwọ̀n àyà oníbàárà, bíi mítà 1.3 sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó wo òkè tàbí ìsàlẹ̀. Láti mítà 2, 24mm á kó mítà 3 ní gíga. Orí á súnmọ́ àárín, ẹsẹ̀ á wọlé tán, àyè púpọ̀ á sì kù lókè fún gèlè, ẹnu ọ̀nà tàbí ojú ọ̀run. Àwọn kan máa ń dúró ṣánṣán, wọ́n á wá yí kámẹ́rà wo ìsàlẹ̀. Orí oníbàárà á di ńlá, ẹsẹ̀ á di kékeré, bí ọmọdé tó gbé ẹrù sórí. Bí ẹ bá fẹ́ kí alágbádá ga, ẹ wálẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, kí ẹ gbé ojú kámẹ́rà sókè díẹ̀ péré. Tó bá pọ̀ jù, orí rẹ̀ á kéré, ògiri tó wà lẹ́yìn á sì dà bíi pé ó fẹ́ wó.

4. Ẹ ṣètò kámẹ́rà. Lábẹ́ ibòji, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/4 tàbí f/5.6 (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ẹnu ṣe tóbi), 1/250 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí, kó sì pa dé), ISO 200 sí 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ tó). Ẹ má retí pé ẹ̀yìn á ṣe bàìbàì bíi ti 85mm, wáìdì kì í ṣe ìyẹn dáadáa. Ẹ lo ohun tó wà lẹ́yìn, ẹ má sá fún un. Lórí f/8, tí ẹ bá fi fókọ́ọ̀sì 24mm sí mítà 2.4, láti mítà 1.2 títí dé òpin ojú ọ̀run ló máa hàn kedere.

5. Fókọ́ọ̀sì, ojú ẹni náà ni kó wà. Nítorí pé ojú kéré nínú férémù, kámẹ́rà àtijọ́ máa ń fo ojú, á lọ mú ògiri. Ẹ yan àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e lé ẹyinjú tó súnmọ́ yín jù. Ẹ má fi àmì àárín mú ojú kí ẹ tó yí kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, pàápàá lórí f/1.4 tàbí f/1.8, torí fókọ́ọ̀sì á ti kúrò lójú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

6. Lẹ́yìn fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ fa ojú rẹ̀ tóbi lórí kámẹ́rà. Ojú nìkan kọ́: ẹ wo ìka ọwọ́ àti bàtà náà. Ọwọ́ tó na síwájú àti bàtà tó wà létí ìsàlẹ̀ ló máa ń di ńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Oníṣẹ́ ọwọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀

Ibí yìí ni wáìdì ti ń sanwó rẹ̀. Ọ̀yọ́ kún fún àwọn tó ń fín igbá, àwọn tó ń ṣe awọ àti àwọn tó ń hun aṣọ òfì, ibi iṣẹ́ wọn kì í sì í fẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ya yín nídìí iṣẹ́ yín.” Kí wọ́n tó dáhùn, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn yín. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ bá ọ̀gá tàbí olórí ọjà. Ẹ lọ bá a. Bákan náà ni níwájú ààfin Aláàfin tàbí ti Sóùn: àyè ni à á gbà.

Ká mú ẹni tó ń fín igbá. Ohun tó wu èèyàn láti rí ni igbá, ọ̀bẹ, ọwọ́ àti ojú. Ẹ jókòó sílẹ̀ kí kámẹ́rà bá ojú bàbá dọ́gba. Níbí nìkan lẹ ti lè súnmọ́ ju mítà kan àbọ̀ lọ díẹ̀: kí ojú wọn wà ní mítà 1.3 sí lẹ́ǹsì, kí igbá àti ọwọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90. Níbẹ̀, ọwọ́ á tóbi ní nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀, ìyẹn sì tó láti jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣíwájú láìjẹ́ pé ó di ẹ̀fẹ̀. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sójú, kí ẹ lo f/8: láti bíi sẹ̀ǹtímítà 84 lọ sẹ́yìn ló máa hàn kedere, igbá á wà nínú rẹ̀. Bí bàbá bá ta igbá síwájú dé sẹ̀ǹtímítà 60, ọwọ́ á di ìlọ́po méjì, igbá á sì ṣe bàìbàì. Ẹ ní kí wọ́n fà á mọ́ra díẹ̀. Kí ilà tí ọ̀bẹ ti fín lè hàn, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí igbá. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe èyí dáadáa tí bàbá bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá, gbogbo ọnà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ahunṣọ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Òwú tí ọkùnrin ahunṣọ ta síwájú máa ń gùn lọ ní ọ̀pọ̀ mítà, ẹrù wúwo ló sì ń fà á kó le. Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà níwájú, mítà 2 sí ojú rẹ̀, kí ẹ wálẹ̀ títí lẹ́ǹsì á fi ga ju òwú lọ díẹ̀. Òwú tó súnmọ́ yín á gbòòrò, á wá máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ títí á fi dé ọwọ́ rẹ̀, ojú ẹni tó ń wo fọ́tò á sì bá a lọ síbẹ̀. Lórí f/8, òwú tó bá súnmọ́ ju bíi mítà 1.1 lọ á ṣe bàìbàì díẹ̀, kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ fi orúnkún tàbí okùn kámẹ́rà kan òwú, torí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ká okùn kámẹ́rà mọ́ ọwọ́.

Ẹbí àti àwùjọ

Ẹ fi àwọn àgbà sáàárín. Ipò wọn nìyẹn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni lẹ́ǹsì ò ti ní fa ojú wọn. Ẹ má fi ẹni tó sanra tàbí ẹni tó wé gèlè gíga sétí. Ọ̀dọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó lọ síbẹ̀, kó yí èjìká rẹ̀ sáàárín díẹ̀. Ẹ fi àyè tó lè gba èèyàn méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gé e tó bá yá.

Àwọn ayàwòrán kan máa ń to ẹbí bí òṣùpá tó yí kámẹ́rà ká, wọ́n ní kí ìjìnnà gbogbo wọn lè dọ́gba. Lórí wáìdì, àṣìṣe ni. Àwọn tó wà létí á tóbi ju Bàbá àti Màmá tó wà láàárín lọ. Ìlà gbọọrọ kan tó kọjú sí kámẹ́rà tààrà ló ń mú kí gbogbo wọn dọ́gba.

Oòrùn, ọyẹ́ àti fíláàṣì

Ojú ọ̀run pọ̀ nínú fọ́tò wáìdì, kámẹ́rà á sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sọ ojú oníbàárà di dúdú láìnídìí. Ẹ fi +0.7 tàbí +1 kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà yàn (exposure compensation), kí ẹ sì máa wo léèsì funfun: tó bá ń ṣẹ́jú lórí kámẹ́rà, ẹ dín in kù. Láago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn wà lókè orí gan-an, ihò ojú á ṣókùnkùn. Abẹ́ igi máńgòrò tàbí ìloro ni kí ẹ lọ. Nígbà tí oòrùn bá ti lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó sì wà lẹ́yìn yín, òjìji yín á wọ fọ́tò. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, torí iyanrìn kéékèèké ló máa fá a. Eruku ojú lẹ́ǹsì sì máa ń hàn lórí wáìdì ju lórí lẹ́ǹsì mìíràn lọ, pàápàá láti f/11 tí oòrùn bá kọjú sí i.

Fíláàṣì tó wà lára kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á fi òjìji roboto sí ìsàlẹ̀ fọ́tò lórí 18mm, tí ìbòrí lẹ́ǹsì (hood, èyí tó ń dí oòrùn) bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yọ ìbòrí náà. Tí ẹ bá ń lo fíláàṣì lórí òpó pẹ̀lú agboòrùn, ìṣòro ni pé wáìdì á rí òpó náà. Ẹ gbé kámẹ́rà lé tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), ẹ ya ọ̀kan tí iná wà níbi tó yẹ, kí ẹ gbé iná kúrò, ẹ ya ìkejì láìyí ohunkóhun padà, kí ẹ wá fi ìkejì bo òpó nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1/200, f/8, ISO 100, kí agbára fíláàṣì jẹ́ 1/4.

Fóònù

Kámẹ́rà ńlá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù, tí wọ́n kọ 1x sí, wáìdì ni: bíi 24mm sí 26mm. Gbogbo ohun tí a ti sọ kàn án. 0.5x tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ya ojú. Fún orí àti èjìká, ẹ tẹ 2x, kí ẹ sì sún sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní LAUTECH, kó gbé fóònù fún ọ̀rẹ́, torí ọwọ́ èèyàn ò gùn tó.

Nídìí kọ̀ǹpútà

Nínú Lightroom (ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe), ibi tó ń jẹ́ Lens Corrections á tún ìlà tó tẹ̀ ṣe, kò ní tún orí tó fẹ̀ létí ṣe. DxO ViewPoint, ètò mìíràn, ní ibi tó ń tún orí bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó ń tẹ àwọn nǹkan mìíràn. Ó sàn kí ẹ ti fi orí sáàárín. Ẹ mú fọ́tò tọ́ ná, lẹ́yìn náà ẹ tún ògiri ṣe, kí gígé kẹ́yìn, nítorí títún ògiri ṣe máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò.

Ẹ rántí férémù ara ògiri náà. Fọ́tò 16×20 ínǹṣì á gé ìdá kan nínú mẹ́fà kúrò nínú gígùn fọ́tò kámẹ́rà. 20×24 á gé ìdá kan nínú márùn-ún. Igi férémù tún máa ń bo díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí bàtà oníbàárà bá ti kan ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ ń yà á, férémù á gé e, nítorí náà ẹ fi ó kéré tán ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ bàtà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.